Láti Ẹnu Dé Inú Àká: Síso Ẹ̀rọ Agbọ́rọ̀kọ Pọ̀ Mọ́ Ibi Ìkówèésí Àjùmọ̀lò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkọ́ni

Ìfáárà

Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ìpàdé á gba wákàtí méjì, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á gba ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ àjọ NCCE bá sì dé, fáìlì tí wọ́n ń bèèrè á wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí nínú fláàṣì tí kò ṣí mọ́.

Oríṣi ohun èlò méjì ni àwọn ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń tà báyìí fún irú wàhálà yìí. Èkíní ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà ní ìpàdé, tó sì ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ. Ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ ni n ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí. Otter àti Fireflies jẹ́ irú rẹ̀, Google Meet àti Microsoft Teams náà sì ní tiwọn nínú. Èkejì ni ibi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti jọ ń kọ ìwé, tí wọ́n jọ ń tún un ṣe, tí wọ́n sì jọ ń wá a: Notion, Confluence, Google Drive. Èyí ni mo pè ní àká, nítorí pé bí àgbẹ̀ ṣe ń kó ọkà sí àká, tó ń padà wá bù ú, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe ìwé níbẹ̀.

Bí a ṣe ń so méjèèjì pọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, kí ohun tí a sọ ní ìpàdé lè dé inú àká láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tẹ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan jẹ mí lógún ju ìsopọ̀ náà lọ. Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá, Ígbò àti Haúsá kì í fi èdè kan ṣoṣo ṣe ìpàdé. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí a sì fọwọ́ sí ohun tó kọ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ wa, gbogbo ohun tí a fi èdè wa sọ á di ohun tí a kò sọ rí.

Ìpàdé kan ní Ọjà Ochanja

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú gbé ìpàdé kan kalẹ̀ ní Ọjà Ochanja, ní ìlú Onitsha. Mo yan ibẹ̀ nítorí pé ìpàdé ọjà ṣòro fún ẹ̀rọ láti gbọ́ ju ti ọ́fíìsì lọ. Èyí tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò ní í kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ká sọ pé àwọn oníṣòwò méjìlá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti sọ̀rọ̀ lórí owó ọlọ́dẹ, kíkó ìdọ̀tí àti iná mànàmáná. Alága ń sọ Ígbò. Akápò ń ka owó ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan ń fi pijin ta kò ó. Ìyá kan tó ń kó àdìrẹ wá láti Abẹ́òkúta ń dá sí i ní Ígbò tí Yorùbá fara hàn nínú rẹ̀, nígbà tí inú bá sì ń bí i, Yorùbá pọ́ńbélé ló ń jáde. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì ń dún. Fóònù kan ṣoṣo ló wà láàrin tábìlì tó ń gba ohùn.

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ nílò àkọsílẹ̀ tí kò sí ní ojú kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú ní agbègbè Upper Iweka, epo bẹntiróòlù dà sílẹ̀, iná sì ràn dé Ochanja. Ẹ̀mí lọ sí i, ilé àti ṣọ́ọ̀bù sì jóná. Ìwé gbèsè tàbí ìwé ìpàdé tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó jóná ti lọ nìyẹn, àfi bí ẹ̀dà rẹ̀ bá wà níbòmíràn.

Ohun mìíràn tún mú mi dárúkọ Onitsha. Ní oṣù Keje ọdún 1857 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, bá ọkọ̀ ojú omi Baikie dé ìlú náà pẹ̀lú John Christopher Taylor, ọmọ Ígbò tí wọ́n bí ní Sierra Leone, láti dá iṣẹ́ ìjọ Ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kíkà ní èdè Ígbò tí Crowther ṣe jáde. Ọmọ Yorùbá ló fi etí gbọ́ Ígbò, tó sì fi ọwọ́ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ígbò inú ìwé náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Isuama, tí àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ń sọ ní Sierra Leone. Kò bá ẹnu àwọn ará Onitsha mu, nígbà tó sì yá, wọ́n pa á tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Isuama sọ́kàn. Ohun tó ṣe é náà ló ń ṣe ẹ̀rọ òde òní: etí rẹ̀ kò di, ẹnu ibòmíràn ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́

Ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ó ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, ó ń fi wọ́n wé àwọn ohùn tí wọ́n ti fi kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń méfò ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù lọ kí ó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá kọ, àméfò ni. Bí èdè bá jẹ́ èyí tí ó gbọ́ púpọ̀, àméfò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ́ sí i nígbà gbogbo. Bí kò bá gbọ́ ọ púpọ̀, yóò kọ ohun tó jọ ọ́ ní èdè tó mọ̀.

Whisper, tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn gbé tiwọn lé. Wákàtí ohùn 680,000 ni wọ́n fi kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Haúsá àti Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kà sí i. Ígbò kò sí níbẹ̀. Yorùbá tó wà níbẹ̀ pàápàá, èsì ìdánwò tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ jáde fúnra wọn fi hàn pé ó wà lára àwọn èdè tí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù. Ní ọdún 2023, Meta gbé iṣẹ́ tirẹ̀ kan jáde tó gbọ́ èdè tó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀sìn tí àwọn ènìyàn kà sókè ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rí mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì.

Gẹ̀ẹ́sì wa náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ Intron Health àti àwọn alájọṣe wọn fi kó àkójọ AfriSpeech-200 jọ ní ọdún 2023, wákàtí 200 Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá nílẹ̀ Áfíríkà fi ohùn 120 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ. Àwọn orúkọ wa ni ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ sọ Ọláníyọnu tàbí Ochanja fún un, kí ẹ wo ohun tí yóò kọ.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rọ máa ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Allison Koenecke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2024 lórí Whisper. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ohùn tí wọ́n fún un ló fi odidi gbólóhùn tí kò sí nínú ohùn náà kún, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù níbi tí ohùn bá ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìdá kan lè dà bí ẹni pé ó kéré. Nínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ ìbáwí, gbólóhùn kan tó láti ba iṣẹ́ ènìyàn jẹ́.

Ẹ̀rọ tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ìpàdé bá jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kálukú wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, èyí rọrùn. Bí ó bá jẹ́ fóònù kan láàrin tábìlì, bí ti Ochanja, ohùn nìkan ni yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò máa pè wọ́n ní Ẹni Kìíní, Ẹni Kejì, yóò sì fi ọ̀rọ̀ akápò sí ẹnu alága nígbà tí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ̀rọ àti àká jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Bí ẹni tó pe ìpàdé lórí Google Meet bá tan àṣẹ ìkọsílẹ̀, ìwé náà á bọ́ sínú Google Drive rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé, a ó sì fi líǹkì rẹ̀ sí ojú ọjọ́ ìpàdé nínú kàlẹ́ńdà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa sopọ̀. Oríṣi àkáǹtì tí ilé ẹ̀kọ́ ń sanwó fún ló ní àǹfààní yìí, ti ọ̀fẹ́ kò ní i. Ẹ kíyè sí i pé Drive ẹni tó pe ìpàdé ni ìwé náà ń bọ́ sí. Bí olùkọ́ kan bá fi ímeèlì ara rẹ̀ pe ìpàdé ẹ̀ka, ọjọ́ tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni àkọsílẹ̀ ẹ̀ka bá a lọ. Ímeèlì tí a ṣí fún ẹ̀ka ni kí a máa fi pe ìpàdé, Drive àjùmọ̀ní ni kí a sì kó ìwé lọ.

Bí ẹ̀rọ àti àká bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti bá ara wọn ṣe àdéhùn. Fireflies àti Notion jẹ́ àpẹẹrẹ. A ó wọ inú Fireflies, a ó yan Notion nínú àwọn ohun tó lè bá sopọ̀, Notion á bèèrè ojú ìwé tí a fẹ́ kí àlejò náà máa kọ nǹkan sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi gbogbo ilé lé àlejò lọ́wọ́. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí a fún un, èyí tí a dìídì ṣí fún àkọsílẹ̀ tí a kò tíì yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ ìpàdé kò ní ohun tó ń wá nínú èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́.

Bí kò bá sí àdéhùn láàrin wọn, alárinà ni a ó lò, bíi Zapier tàbí Make. Iṣẹ́ alárinà dà bíi ti ọmọ tí a fi sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá parí àkọsílẹ̀, yóò fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan pé iṣẹ́ ti tán. Alárinà tó ń ṣọ́ àdírẹ́sì náà á gba ìròyìn, á tú u, á mú àkọlé, ọjọ́, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí a sọ, á sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀ nínú àká. Kí àká tó gbà fún un, ó gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ dání, ìyẹn ọ̀rọ̀ gígùn kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní API key. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ lè wọlé. A kì í fi í sí orí WhatsApp ẹ̀ka, bó ti wù kí a jọ mọ ara wa tó.

Síso ó pọ̀ kò ju wákàtí kan lọ. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pípinnu ohun tó ń lọ sí ibo. Bí ènìyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ 130 ní ìṣẹ́jú kan, ìpàdé wákàtí méjì á tó ọ̀rọ̀ 15,600. Notion kì í gbà ju lẹ́tà àti àmì 2,000 lọ nínú ègé ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀rọ bá fi ránṣẹ́ sí i, nítorí náà bí alárinà kò bá gé ìwé náà sí wẹ́wẹ́, Notion á kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló fà á. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má ṣe kó gbogbo ọ̀rọ̀ lọ rárá. Àwọn ìpinnu, orúkọ ẹni tí a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ọjọ́ tí yóò jábọ̀, àti líǹkì sí odindi àkọsílẹ̀ níbi tó wà: ìwọ̀nyí tó fún àká. Kí a sì fi ìpàdé ìṣẹ́jú márùn-ún dán an wò kí ọjọ́ gidi tó pé.

Àmì ohùn àti ìwákiri

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ èdè ju ẹnikẹ́ni lọ. Àká tí a kò lè wá nǹkan rí nínú rẹ̀, ààtàn ni. Bí akọ̀wé bá tẹ «owo» láìsí àmì, owó ni àbí òwò, ọwọ́ ni àbí ọ̀wọ̀? Àwọn àká kan máa ń fojú fo àmì, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ wá. Àwọn mìíràn kò ní í mú ọ̀kankan wá àfi èyí tó bára mu pátápátá.

Ìṣòro kejì fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni é àti ó. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ́, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ni wọ́n. Bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé kan lè fi àmì ohùn lé ẹ lórí, òmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ gbé é. Lójú wa, «ọjọ́» méjèèjì rí bákan náà. Lójú àká tí kò bá mọ̀ pé kí òun mú wọn dọ́gba, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè wá ọ̀rọ̀ tó ń wò lójú kòrókòró kí kọ̀ǹpútà sì sọ pé kò sí. Bọ́ọ̀dù kan náà ni kí gbogbo ẹ̀ka máa lò, kí a sì fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe máa kọ àkọlé àti orúkọ ènìyàn.

Ta ló ni ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀?

Àwọn àgbà sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Akọ̀wé dáadáa mọ èyí. Bí olùkọ́ méjì bá bú ara wọn ní ìpàdé, yóò kọ ọ́ pé èrò kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò purọ́, kò sì dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ èyí. Iṣẹ́ ẹrú tí a rán an ni yóò jẹ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú tí èébú náà jáde.

Òfin sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, béèrè pé kí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn ní ìdí tí òfin mọ̀, kí ó sì sọ fún onítọ̀hún ohun tí yóò fi í ṣe. Ẹni tó bá ti gbà tẹ́lẹ̀ lè sọ pé òun kò gbà mọ́. Lọ́nà kejì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 sì fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa, kí a sì dáhùn láàrin ọjọ́ méje. Àwọn ohun tí òfin yọ sílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sọ pé àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ṣe kì í ṣe àkọsílẹ̀. Bí a bá fi odindi ọ̀rọ̀ ẹnu wa sílẹ̀ nínú àká fún ọdún mẹ́wàá, ohun tí ẹlòmíràn lè bèèrè ni a tọ́jú yẹn.

Ọ̀rọ̀ èdè wà nínú òfin náà. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 55, sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi ṣe iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, àti Haúsá, Ígbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó péye bá ti wà fún un. Abala 97 gba àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ wọn kún Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìgbìmọ̀ Èkó sì ti mú un lò rí: ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n máa ń fi jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi etí gbọ́ ìjókòó bẹ́ẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Ètò tó péye tí òfin sọ, akọ̀wé tó lè kọ èdè náà dáadáa wà lára rẹ̀, àwa ni a sì ń kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀ka èdè ṣe lè lò ó

Mo rò pé yàrá méjì ni ó yẹ kí àká ẹ̀ka ní. Inú èkíní ni ẹ̀rọ á máa da ohun tó gbọ́ sí, alága àti akọ̀wé nìkan ni yóò sì lè ṣí i. Akọ̀wé á ka á pẹ̀lú ohùn létí, á tún orúkọ kọ, á yọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Níbi tí ẹnì kan bá ti sọ Yorùbá, Ígbò tàbí Haúsá, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ ọ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé, kí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e tí ó bá pọn dandan. Bí akọ̀wé kò bá gbọ́ èdè náà, kí ẹni tó sọ̀rọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ohun tó bá jáde láti ibẹ̀ ni yóò lọ sí yàrá kejì, níbi tí gbogbo ẹ̀ka ti lè kà á, pẹ̀lú àkọlé pé a kò tíì fọwọ́ sí i. Ìgbà tí ìpàdé tó tẹ̀ lé e bá fọwọ́ sí i ni a ó pa ohùn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ́ kúrò ní yàrá kìíní, kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí tó kẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé bí akọ̀wé yóò bá tún gbọ́ gbogbo rẹ̀, kí ni ẹ̀rọ wúlò fún? Ó wúlò fún apá Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ní í béèrè ju àtúnṣe díẹ̀ lọ. Ó wúlò fún wákàtí àti ìṣẹ́jú tó ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀, tí a fi lè sáré padà sí ibi tí àríyànjiyàn bá wà. Fún ìpàdé tí ó jẹ́ Ígbò tàbí Yorùbá látòkè délẹ̀, bí ti Ochanja yẹn, èmi yóò pa ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ tì fún báyìí, n ó gba ohùn sílẹ̀, n ó sì jẹ́ kí ènìyàn kọ ọ́, kí àká gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà.

Iṣẹ́ kíkọ náà lè di ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ọdún kẹta tó ń kọ́ àkọtọ́ lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohùn ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ara wọn, kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe jáde, kí wọ́n fi wé ohun tí ẹ̀rọ kọ, kí wọ́n sì ka iye ibi tí ó ti ṣì í. Ìpàdé ẹgbẹ́ tiwọn ni mo sọ, tí gbogbo wọn ti gbà kí a lò, kì í ṣe ti àwa olùkọ́. Àwọn tó bá fẹ́ lè tẹ̀ síwájú lọ fi ohùn wọn ta Mozilla Common Voice lọ́rẹ, níbi tí wọ́n ti ń gba Yorùbá àti Ígbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lè ka gbólóhùn sókè.

Ní ti ìpàdé àwa àgbà, kí alága kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ ń gbọ́, kí ó dárúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ àti ọjọ́ tí a ó pa á rẹ́, kí ó bèèrè bóyá ẹnì kan kò fẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ìbáwí, àìsàn òṣìṣẹ́ tàbí èsì akẹ́kọ̀ọ́ bá sì yọjú, akọ̀wé ni kí ó dìde pa á, kí ó mú bírò.